Ṣé O Mọ̀? Ọmọ Songon Tó Gbá Góòlù Mẹ́sàn-án, àti Àwọn Atamátàsé Mìíràn Tí Ọ̀nà Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Jókòó

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Abidjan kan gbá góòlù 9 wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 4 péré nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé? Souleymane Coulibaly lorúkọ rẹ̀. Ọdún 2011 ni, ní Mexico, nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 17 lọ. Australia na Côte d'Ivoire ní 2-1 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Coulibaly ló gbá ẹyọ kan tí wọ́n rí. Nígbà tí wọ́n kojú Denmark, góòlù 4 ni Côte d'Ivoire gbá, òun nìkan ló sì gbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Brazil ló kàn. Ọ̀mì 3-3 ni wọ́n ta, òun náà ló tún gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. France ló wá lé wọn padà sílé ní 3-2, síbẹ̀ ó gbá ẹyọ kan sáwọ̀n wọn kó tó máa lọ. Ọ̀kan, mẹ́rin, mẹ́ta, ọ̀kan.

Bàtà wúrà ìdíje náà, òun ni wọ́n gbé e fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ òfuurufú nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń bá ìdíje lọ. Florent Sinama-Pongolle ti France ló ti kọ́kọ́ gbá 9 lọ́dún 2001, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 6 ló sì fi kó tirẹ̀ jọ.

Songon ni wọ́n bí Coulibaly sí, lọ́jọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1994. Ìwọ̀-oòrùn Abidjan ni Songon wà, téèyàn bá ti kọjá Yopougon, létí ọ̀sà Ébrié. Gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tí gbogbo ìlú ń wọ̀, ló ń gbé èèyàn débẹ̀. Bó o bá gba àdúgbò kọjá nírọ̀lẹ́, ní Songon o, ní Adjamé o, ní Treichville níbi táwa ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Anago pọ̀ sí o, wàá bá àwọn ọmọ lẹ́nu maracana, bọ́ọ̀lù àdúgbò orí pápá kékeré pẹ̀lú òpó kékeré. Lêkê ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, bàtà rọ́bà oníhò tí okùn rẹ̀ kì í pẹ́ já. Mo wo ọmọkùnrin kan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí okùn tirẹ̀ já láàárín eré. Ó sáré lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń dín ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó fi irin gbígbóná yọ́ ojú ibi tó já, ó tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ti padà wọ pápá kí góòlù kejì tó wọlé. Tí mo bá ti ka orúkọ Coulibaly níbikíbi, ọmọ yẹn ni mo máa ń rántí.

Ṣé o mọ̀ pé Tottenham ti London ló gbà á kété lẹ́yìn Mexico, tí kò sì gbá bọ́ọ̀lù ẹyọ kan fún ikọ̀ àgbà wọn? Ìlú Siena ní Ítálì ló ti ń kọ́ṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Tottenham mú un, ojú gbogbo ayé wà lára rẹ̀, ó wọ aṣọ wọn nínú ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́, wọ́n yá a fún Grosseto ní Ítálì, ó sì parí síbẹ̀. Ó tún ṣe díẹ̀ ní Bari, wọ́n yá a fún Pistoiese. Nígbà tó fi máa padà sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2015, ọmọ 20 ọdún ni, ẹgbẹ́ Peterborough United ló gbà á, ní ìpele kẹta.

Bóyá o kò mọ bí àkàbà bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí. Ẹgbẹ́ 92 ló wà lórí ìpele mẹ́rin àkọ́kọ́: 20 ní Premier League, 24 ní Championship, 24 ní League One, 24 ní League Two. Premier League là ń wò nílé ọtí ní Treichville. Ìpele mẹ́ta tó kù ni iṣẹ́ agbára wà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 46 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá láti oṣù Kẹjọ sí oṣù Karùn-ún, yàtọ̀ sí ti ife ẹ̀yẹ. Wọ́n á gbá ti ọjọ́ Sátidé, wọ́n á tún wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lọ sí ìlú mìíràn nínú òjò, ilẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kí wọ́n tó délé.

Níbẹ̀, bí atamátàsé bá lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìgbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, wọ́n lè yá a. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é: yíyá, bí èèyàn ṣe ń yá aládùúgbò ní àkàsọ̀. Aṣọ tuntun, nọ́ńbà tuntun, yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Owó oṣù ń wọlé o, àmọ́ àwọn tí wọn jọ wà lórí pápá kò tíì mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fẹ́ kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sí tàbí òsì. Tí sáà bá parí, ẹgbẹ́ á gbé orúkọ jáde ní ọ̀nà méjì: àwọn tí wọ́n dá dúró àti àwọn tí wọ́n jọ̀wọ́. Láti ọdún 1995, tí ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ti dá Jean-Marc Bosman ará Belgium láre, ẹni tí àdéhùn rẹ̀ bá parí lè lọ síbi tó wù ú láìsí pé ẹgbẹ́ tuntun san kọ́bọ̀ fún ti tẹ́lẹ̀. Òmìnira ńlá ni fún ẹni tí ẹgbẹ́ mẹ́ta ń du. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò dún látìgbà tí oṣù Kẹfà ti bẹ̀rẹ̀, òmìnira kan náà yẹn ni kì í jẹ́ kó sùn lóru.

Peterborough yá Coulibaly fún Newport County lọ́dún 2016. Newport! Ṣé o mọ̀ pé Newport kò sí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rárá? Ilẹ̀ Wales ló wà, àmọ́ líìgì Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù, bíi Cardiff, Swansea àti Wrexham. Rodney Parade ni pápá wọn, àwọn agbábọ́ọ̀lù rugby ló sì ń bá wọn lò ó, àwọn ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ tí ń wọ́ ara wọn lórí koríko. Nígbà náà, tó bá di ìgbà òtútù, ẹrẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Nǹkan bí ọdún 5 lẹ́yìn ọjọ́ tó gbá mẹ́ta wọlé Brazil, ibẹ̀ ni ọmọ Songon wà, ní ìpele kẹrin.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyí: Newport kan náà yẹn ni Wilfried Bony tún lọ dúró sí. Bingerville ni wọ́n ti bí Bony, ní ìlà-oòrùn Abidjan, ìlú tó jẹ́ olú-ìlú àwọn Faransé kí ilé ìjọba tó kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1934. Songon lápá kan, Bingerville lápá kejì, Abidjan láàárín. Lọ́dún 2014, láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá, kò sẹ́ni tó gbá góòlù tó ti Bony ní Premier League. 20 ló gbá fún Swansea. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015, Manchester City san mílíọ̀nù 25 owó pọ́n-ùn lórí rẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di òpin ọdún 2019, kò ní ẹgbẹ́ kankan. Ó wá ń bá àwọn ọmọ Newport ṣe ìgbáradì kí ara rẹ̀ lè le, títí tí ẹgbẹ́ kan fi ránṣẹ́ pè é láti Saudi Arabia.

Kò sí ẹ̀gàn nínú ohun tí mo ń sọ yìí. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń fi irú ìtàn báyìí rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti ń jẹ garba, inú mi kì í dùn sí i. Ẹni tó mọ bí orúnkún ṣe ń dun èèyàn, tó mọ iye òwúrọ̀ tó ń bọ́ sórí pápá nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, á bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin tó ti gbé owó mílíọ̀nù lórí, tó wá dúró sínú ẹrẹ̀ Newport láàárín àwọn ọmọdé tí owó oṣù wọn kò tó owó epo ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́, tó sì ń sáré bí wọ́n ṣe ń sáré.

Ṣé o rí góòlù tí Coulibaly gbá sílé Celtic? Kilmarnock ní Scotland ló wà nígbà náà. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, bọ́ọ̀lù já sílẹ̀ níwájú rẹ̀ níbi tó jìnnà réré sí òpó, ibi tí agbábọ́ọ̀lù mìíràn á ti máa wá ẹni tó máa gbé e fún. Ó wojú lẹ́ẹ̀kan. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù náà gòkè, aṣọ́lé ń fà sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ lókè, ó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀ sínú àwọ̀n. Gbogbo pápá náà dákẹ́, àfi igun kékeré tí àwọn ará Kilmarnock wà. Celtic padà nà wọ́n ní 6-1. Síbẹ̀ nínú góòlù méje ọjọ́ náà, ti Coulibaly lèmi ṣì ń wò.

Góòlù bẹ́ẹ̀ ló mú Al Ahly ti Egypt wá a rà ní oṣù Kìíní ọdún 2017. Kò pẹ́ tó fi kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di ẹjọ́. Ó tún gbá fún Partick Thistle ní Scotland. Nígbà tí mo bá ka àwọn ìlú tó ti kó ẹrù sí láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún 16, ìka ọwọ́ mi méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó.

Ní ti atamátàsé tó ń tilé dé ilé nísàlẹ̀ àkàbà yẹn, ọmọ tiwa ló gbajúmọ̀ jù. Adebayo Akinfenwa, London ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1982, orúkọ rẹ̀ ti sọ ìyókù. Ṣé o mọ̀ pé Lithuania ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn òǹwòran ti ń bú u nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, tó sì dúró síbẹ̀ títí tó fi gba ife ẹ̀yẹ? Lẹ́yìn náà: Barry Town, Boston United, Leyton Orient, Rushden, Doncaster, Torquay, Swansea, Millwall, Northampton, Gillingham, Wimbledon, Wycombe. Wọ́n sọ fún un pé ó sanra jù fún bọ́ọ̀lù, nítorí ó wọ̀n tó nǹkan bíi 100 kìlógíráàmù. Ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbígbòòrò yẹn dí àwọn adílémú lọ́nà fún 20 ọdún, ó sì gbá góòlù tó lé ní 200.

Lọ́jọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 2016, ní Wembley, ó gbá pẹnáàtì tó fi ìdí ìgòkè Wimbledon múlẹ̀ sí League One, 2-0 pẹ̀lú Plymouth. Òógùn ọjọ́ náà kò tíì gbẹ lára rẹ̀ tó fi sọ níwájú kámẹ́rà pé òun kò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́, nítorí àdéhùn òun ti parí, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá fẹ́ òun fi WhatsApp kàn sí òun. Òǹwòran rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹni ọdún 34 ló sọ ọ́, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ gòkè, wọn kò sì ní mú un dání lọ. Wycombe ló ránṣẹ́ sí i. Òun pẹ̀lú wọn gòkè lọ sí League One lọ́dún 2018, wọ́n sì tún gòkè lọ sí Championship lọ́dún 2020, ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà. Jürgen Klopp ti Liverpool fi fídíò kí i kú oríire.

Padà wá sí Abidjan. Ṣé o mọ ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ Coulibaly nínú ìwé àkọsílẹ̀ góòlù 9 yẹn? Victor Osimhen ni, ọmọ Olúsósùn l'Ékòó tó ń ta omi inú ọ̀rá láàárín gòsílóò. Ó gbá 10 ní Chile lọ́dún 2015, Nàìjíríà sì gba ife. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 7 ló fi gbá a o, ṣé o rántí pé 4 ni ti ọmọ Songon. Góòlù Osimhen ló gbé e dé Jámánì, Belgium, Lille, Napoli. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ó dé Ebimpé, pápá ńlá tuntun tó wà ní Anyama ní àríwá Abidjan, fún àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé fún Nàìjíríà, Kessié dá a padà fún Côte d'Ivoire. Ní ìṣẹ́jú 81, Sébastien Haller na ẹsẹ̀ kan bàyìí, bọ́ọ̀lù fara kan an, ó wọlé. 2-1. Oṣù Keje ọdún 2022 ni wọ́n ti rí jẹjẹrẹ lára Haller, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Atamátàsé tó ti kiri ni òun náà: Auxerre, Utrecht, Frankfurt, West Ham, Ajax, Dortmund. Ní Treichville lálẹ́ ọjọ́ àṣekágbá náà, àwa ọmọ Èjìgbò tí a ti ń ti Ọ̀ṣun wá ṣòwò níbí láti ayé àwọn bàbá wa, a jókòó sínú ilé, a kò mọ èyí tí à bá sọ. Àwọn ọmọ tí a bí síbí ti bọ́ síta, wọ́n ń jó.

Ṣé o mọ̀ pé láìwọ bàtà ni wọ́n fi máa ń kọ́ bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tó lókìkí jù ní ìlú yìí? Jean-Marc Guillou ará Faransé ló dá a sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ ASEC Mimosas láàárín àwọn ọdún 1990, ní ibùdó wọn ní Sol Béni. Ó ní ẹsẹ̀ òfìfo ló ń kọ́ èèyàn láti mọ bọ́ọ̀lù lára, bàtà dìgbà tí ọmọ bá yege. Kolo Touré, Yaya Touré, Salomon Kalou, Emmanuel Eboué, Gervinho, gbogbo wọn ibẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì le nígbà náà fún ọmọ tí kò tíì gbá bọ́ọ̀lù púpọ̀ fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, òfin Belgium sì rọ̀ díẹ̀. Nítorí náà ni Guillou ṣe kó àwọn ọmọ náà lọ sí Beveren, ìlú kékeré kan ní Belgium, títí tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ Abidjan ló pọ̀ jù nínú ikọ̀ ìlú náà. Didier Drogba kò gba ibẹ̀ ní tirẹ̀. Ọmọ ọdún 5 ni wọ́n ti rán an sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Faransé. Ó ti pé ọmọ ọdún 21 kó tó fọwọ́ sí àdéhùn àkọ́kọ́, ní Le Mans, ní ìpele kejì. Ọdún 5 lẹ́yìn náà, Chelsea san mílíọ̀nù 24 pọ́n-ùn lórí rẹ̀.

ASEC yìí náà ló gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 108 láìfìdírẹmi, láti ọdún 1989 sí 1994. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò yẹn, ta lo rò pé ó wà nínú ẹgbẹ́ Africa Sports, ọ̀tá wọn tímọ́tímọ́ ní ìlú kan náà?

Rashidi Yekini ni. Ọmọ Ìrá ní Kwara, Kaduna ni wọ́n bí i sí. Ó ti gbá fún Shooting Stars ní Ìbàdàn, ó ti gbá fún Abiola Babes ní Abẹ́òkúta kó tó sọdá wá sí Abidjan lọ́dún 1987. Ó ti mọ ìlú náà tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1984 ló ti bá ikọ̀ Nàìjíríà wá síbí fún ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, tí Cameroon fi 3-1 gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́. Abidjan ló ti bá ọ̀nà ilẹ̀ òkèèrè lọ, sí Vitória Setúbal ní Portugal lọ́dún 1990. Ẹgbẹ́ náà já sí ìpele kejì lọ́dún 1991. Yekini kò sá lọ. Ó dúró nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó ń gbá góòlù títí wọ́n fi gòkè padà lọ́dún 1993. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Sáà tó tẹ̀ lé e, góòlù 21 ló gbá, kò sẹ́ni tó tó o ní gbogbo Portugal.

Gbogbo wa la mọ ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994, ní Dallas, pẹ̀lú Bulgaria. Ìṣẹ́jú 21. Finidi fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ níwájú òpó, Yekini kàn fi ẹsẹ̀ tì í wọlé, góòlù àkọ́kọ́ Nàìjíríà nínú ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Ó sáré wọnú àwọ̀n, ó na ọwọ́ méjèèjì kọjá nínú ihò rẹ̀, ó dì í mú, ó ń ké, ojú rẹ̀ lọ sókè.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ló wá di alárìnkiri gidi. Olympiacos ní Greece, Gijón ní Spain, Setúbal lẹ́ẹ̀kan sí i, Zürich ní Switzerland, Bizerte ní Tunisia, Saudi Arabia. Ní ọdún 1999, ó padà sí Abidjan, sí Africa Sports, ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún 36. Ó lo sáà mélòó kan níbẹ̀ kó tó kọjá sí Julius Berger l'Ékòó. A rò pé ó ti tán. Lọ́dún 2005, ó tún di okùn bàtà rẹ̀ fún ẹgbẹ́ Gateway, ẹni ọdún 41, ní Abẹ́òkúta, ìlú tó ti kó ẹrù rẹ̀ wá sí Abidjan ní ọdún 18 ṣáájú ìgbà náà.